Bìrìgéèdì Tí Wọ́n Dá Sílẹ̀ fún Warsaw

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń mú nínú ìtàn Bìrìgéèdì Páráṣúùtì Kìíní ti Póláńdì: láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, nígbà tí wọ́n jagun létí odò Rhine ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Wọ́n máa ń fò ó pé nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni àwọn ọkùnrin náà fi gbára dì kí ogun tó kàn wọ́n, àti pé lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, wọ́n tún lo ọdún méjì ní Jámánì, tí wọ́n ń ṣọ́ ìlú àwọn tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Lójú tèmi, ọdún méjì yẹn ló yẹ ká fara balẹ̀ wò jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí sójà ń ṣe nígbà tí ogun ti parí, tí ìjọba tuntun kò sì tíì fìdí múlẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti wá a. Àmọ́ a ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tí Jámánì gbógun wọ Póláńdì láti ìwọ̀-oòrùn, tí Sófíẹ́ẹ̀tì sì wọlé láti ìlà-oòrùn, Stanisław Sosabowski ló ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kọkànlélógún tí wọ́n ń pè ní Àwọn Ọmọ Warsaw. Wọ́n gbèjà ìlú náà títí ó fi túúbá. Wọ́n mú Sosabowski, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì gba Họ́ńgárì kọjá dé ilẹ̀ Faransé, níbi tí Ọ̀gágun Władysław Sikorski àti ìjọba Póláńdì tó wà lẹ́yìn odi ti ń kó ọmọ ogun jọ. Kò pẹ́ tí Faransé náà fi ṣubú ní oṣù Kẹfà ọdún 1940. Èbúté La Pallice ni òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n kó wọn lọ sí Skọ́tlándì, sí agbègbè Fife, pé kí wọ́n máa ṣọ́ etíkun. Ìṣòro kan wà tó le: àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ogun pọ̀ ní ọ̀gá ju ọmọlẹ́yìn lọ. Bìrìgéèdì ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kì í sábà dín ní bàtálíọ̀nù mẹ́ta, bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún sójà tí yóò gbé ìbọn, láìtíì ka àwọn tó ń yin àgbá, àwọn ẹnjiníà, àwọn dókítà, àti àwọn tó ń bójú tó wáyà àti rédíò. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú èrò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ti gba gbogbo ilé wọn? Sosabowski rí i pé bí òun kò bá wá iṣẹ́ pàtàkì kan tí ẹlòmíràn kò lè ṣe fún ẹgbẹ́ yìí, wọn yóò tú u ká, wọn yóò sì pín in fún àwọn mìíràn. Iṣẹ́ tó wá ni fífi páráṣúùtì fò sílẹ̀ láti inú bàálù.

Ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Ilẹ̀ Jámánì wà láàárín wọn àti ilé. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n lè wọ̀, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè gbé wọn dé ibẹ̀. Òfurufú nìkan ló kù. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé bá dìde sí Jámánì ní Warsaw, kí bìrìgéèdì yìí já bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ìbọn àti oògùn: ìyẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àmì ìdánimọ̀ wọn ni pé ọ̀nà tó kúrú jù lọ ni àwọn yóò gbà. Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ọ̀nà náà lọ.

Nínú ọgbà ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Largo House ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so okùn, àkàbà àti òpó mọ́ igi káàkiri, àwọn sójà fúnra wọn sì sọ ibẹ̀ ní Igbó Ọ̀bọ. Ibẹ̀ ni ara ti ń le, tí ẹsẹ̀ sì ń kọ́ bí a ṣe ń já bọ́ láìṣẹ́: kí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ pọ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí èèyàn sì yí gbirigbiri bó bá ti kanlẹ̀, kí agbára ìjábọ́ náà má bàa dúró sí ojú kan lára. Wọ́n tún kọ́ ilé ìṣọ́ onírin kan sí Lundin Links, níbi tí wọ́n ti ń so sójà mọ́ páráṣúùtì tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kó wọn lọ sí Ringway lẹ́bàá Manchester láti fò ní tòótọ́, lákọ̀ọ́kọ́ láti inú bàlúùnù, lẹ́yìn náà láti inú bàálù Whitley, tí ihò inú pèpéle rẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, etí ihò náà á gbá a lójú bó ṣe ń jáde. Sosabowski fúnra rẹ̀ fò, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 1941 ni Sikorski wá wo wọn, tó sì fún wọn ní orúkọ: Bìrìgéèdì Páráṣúùtì Kìíní tó dá dúró. Ìdádúró yẹn ṣe pàtàkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba Póláńdì ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló lè rán wọn níṣẹ́. Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kò ní àṣẹ lórí wọn.

Àwọn kan lára àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Fife tilẹ̀ dé ilé. Wọ́n wà lára àwọn akọni 316 tí wọ́n fi òru bò láṣìírí, tí wọ́n sì jù sílẹ̀ ní Póláńdì láàárín ọdún 1941 sí 1944 láti ran ẹgbẹ́ ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Láti ilé náà sì ni àsíá bìrìgéèdì ti wá. Àwọn obìnrin Warsaw ló ràn án ní ìkọ̀kọ̀ lójú ọ̀tá, wọ́n sì gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 1942. Ó di oṣù Kẹfà ọdún 1944 kí àsíá náà tó dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n rán an fún ní Skọ́tlándì. Kò sí sójà tó dúró síwájú àsíá bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ni.

Oṣù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ dàrú. Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí bìrìgéèdì náà wá bá wọn jà ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, ìjọba Póláńdì gbà, wọ́n sì fi í sábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, Warsaw dìde. Àkókò tí wọ́n ti ń retí dé nígbà tí àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba Póláńdì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé wọn lọ. Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé kò ṣeé ṣe: ọ̀nà jìn ju ohun tí bàálù tó kún fún èrò lè lọ kó sì padà lójú ìbọn Jámánì, àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lo pápá wọn. Àwọn kan nínú bìrìgéèdì náà kọ oúnjẹ láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Ọjọ́ 63 ni Warsaw fi jà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ó túúbá, wọ́n sì kó àwọn jagunjagun rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Jámánì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin yẹn.

Kí Warsaw tó túúbá ni wọ́n ti rán bìrìgéèdì náà lọ sí Arnhem. Ète Ọ̀gágun Montgomery ti Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àwọn ọmọ ogun òfurufú gba àwọn afárá Nẹ́dálándì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn onítáǹkì sì gba orí wọn kọjá wọ Jámánì. Bàálù aláìlẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ gbé àwọn àgbá wọn lọ ní ọjọ́ 18 àti 19. Kùrukùru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn tó kù dúró fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n gbéra ní ọjọ́ 21, àṣẹ dé pé kí wọ́n padà nítorí ojú ọjọ́. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Nǹkan bí 1,000 péré ló fò sílẹ̀ sí abúlé Driel lábẹ́ òjò ọta. Ọkọ̀ ìsọdá tí wọ́n fẹ́ fi kọjá odò láti lọ ran àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin ará abúlé náà kan, Cora Baltussen, ló gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún wọn. Ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké ni wọ́n fi gbìyànjú lóru: ènìyàn 52 ló kọjá ní òru àkọ́kọ́, 153 ní òru kejì, tí ìbọn Jámánì sì ń wá wọn lójú omi. Ní òru ọjọ́ 25, wọ́n kó ohun tó kù lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà sọdá. Àwọn ará Póláńdì tó kú níbẹ̀ sún mọ́ 100, iye àwọn tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá sì ju ìyẹn lọ dáadáa.

Sosabowski ti sọ ṣáájú pé ètò náà kò mọ́gbọ́n dání, ó sì sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀gá. Nígbà tí ètò náà fọ́, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Montgomery kọ̀wé pé àwọn ará Póláńdì kò jà dáadáa. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Browning, kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ̀gá wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, wọ́n yọ ọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, mi ò sì rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà pè é.

Báyìí ni bìrìgéèdì náà ṣe wọ ọdún 1945: ó ti pàdánù ẹni tó dá a sílẹ̀, Warsaw ti di àlàpà, àwọn alágbára mẹ́ta sì ti jókòó ní Yalta ní oṣù Kejì, wọ́n ti gbà pé kí ìlà-oòrùn Póláńdì di ti Sófíẹ́ẹ̀tì. Stanisławów, ìlú tí wọ́n bí Sosabowski sí, wà lára ohun tó lọ. Nígbà tí Jámánì túúbá ní oṣù Karùn-ún, wọ́n kó bìrìgéèdì náà sọdá òkun sí agbègbè Bersenbrück ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Jámánì, wọ́n sì fi í kún Ìpín Onítáǹkì Kìíní ti Póláńdì tí Ọ̀gágun Stanisław Maczek dá sílẹ̀, tó ti gba agbègbè Emsland lọ́wọ́ ọ̀tá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun? Àwọn aṣẹ́gun mẹ́rin ló pín Jámánì, àríwá ìwọ̀-oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà ní apá méjì, àwọn tó ń ṣe é sì yàtọ̀ síra. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ológun Gẹ̀ẹ́sì ni ajẹ́lẹ̀: àwọn ló ń yan olórí ìlú tuntun, tí wọ́n ń ṣí ilé ẹjọ́, tí wọ́n ń pín káàdì oúnjẹ, tí wọ́n sì ń bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè bóyá wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Nasi. Àwọn ọmọ ogun ni agbára tó wà lẹ́yìn àṣẹ náà. Sójà Póláńdì kò lè dá ẹjọ́, kò lè gba owó orí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ka ìwé tí ajẹ́lẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri sí.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni gbígba ohun ìjà. Gbogbo ìbọn ní láti jáde, títí kan ti ọdẹ. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣọ́: afárá, ojú irin, ilé ìkóúnjẹpamọ́, àti ibi tí ọ̀tá kó ọta ìbọn jọ sí nínú igbó. Òfin kónílé-ó-gbélé wà lálẹ́. Ní oríta, wọ́n ń yẹ ìwé gbogbo ẹni tó ń kọjá wò, nítorí àwọn sójà SS ti pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń dọ́gbọ́n wọnú èrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni èrò pọ̀ lójú ọ̀nà: àwọn ará Jámánì tó sá láti ìlà-oòrùn, àwọn sójà tí wọ́n tú sílẹ̀, àwọn tó ń wá ọmọ wọn. Nígbà tí sìgá di owó, fàyàwọ́ gbilẹ̀, àtàwọn sójà kan pẹ̀lú sì bọ́ sínú rẹ̀. Òfin tún wà níbẹ̀rẹ̀ pé sójà kò gbọdọ̀ bá ará Jámánì ṣọ̀rẹ́, kò gbọdọ̀ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ wọ ilé wọn lọ ṣàlejò. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí dẹ òfin náà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló sì kọ́kọ́ tú u. Kò sí ọ̀gágun tó lè ní kí sójà tó ní ṣokoléètì lápò má wo ọmọ ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wúwo jù ni ti àwọn ogunléndé. Nígbà ogun, Jámánì ti kó ọ̀kẹ́ àìmọye ará Póláńdì wá ṣe iṣẹ́ ipá nínú oko àti iléeṣẹ́. Láti ọdún 1940 ni òfin ti ní kí wọ́n rán lẹ́tà P mọ́ aṣọ wọn, wọ́n sì so ọkùnrin wọn kọ́ bí wọ́n bá bá obìnrin Jámánì lò pọ̀. Emsland tún kún fún àgọ́ ìfìyàjẹni inú ẹrẹ̀ tó ti wà láti ọdún 1933. Lójijì, ẹnu ọ̀nà ṣí. Àwọn èèyàn tí ebi ti pa, tí wọ́n ti lù, tí wọ́n ti sọ di ẹran ọ̀sìn, wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn tó lò wọ́n. Lóru, àwọn kan lára wọn ń wọ oko lọ kó ẹlẹ́dẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀mí ń lọ sí i.

Ta ló gbọdọ̀ dá wọn dúró? Sójà tó ń sọ èdè wọn ni, tí àwọn ẹbí tirẹ̀ náà ti kú ní ọwọ́ Jámánì. Ẹ wo ẹrù tí èyí jẹ́. Bó bá fi ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ̀san, ó ti ba òfin tó wá gbé ró jẹ́. Bó bá mú un, ó di ẹni tó ń ti ará Póláńdì mọ́lé nítorí àgbẹ̀ Jámánì. Àwọn àgbẹ̀ náà ń ráhùn sí Gẹ̀ẹ́sì pé ojúsàájú wà nínú rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa nígbà gbogbo. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú lóru dé òru, láìsí ìlù, láìsí ìròyìn nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú jù, tó sì tún dùn mí, ni ti ìlú Haren létí odò Ems. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ará Jámánì tó wà níbẹ̀ kó jáde, kí àwọn ogunléndé Póláńdì lè rí ilé gbé. Àwọn ìdílé Haren lọ fara pamọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí àti nínú abà ní àwọn abúlé àyíká, wọ́n ń wo òrùlé ara wọn lókèèrè. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà wọ́n. Àwọn ará Póláńdì kọ́kọ́ sọ ìlú náà ní Lwów, orúkọ ìlú ńlá kan tí Sófíẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìyẹn dá awuyewuye sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Maczków, ní orúkọ ọ̀gágun wọn. Wọ́n yí orúkọ òpópónà padà. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ogun ti já ìwé gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ilé eré ìtàgé, ìwé ìròyìn, àti olórí ìlú tiwọn. Ìgbéyàwó kún ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì lé ní 400 ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ìwé ìbí wọn sì gbé orúkọ ìlú tí kò sí lórí máàpù mọ́ lónìí.

Níhìn-ín ni àwọn obìnrin Warsaw ti tún wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Maczek já ẹnu ọ̀nà àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan ní Oberlangen, wọ́n sì bá obìnrin 1,728 níbẹ̀, gbogbo wọn sójà ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó jà ní Warsaw, àwọn kan pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Haren. Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, bìrìgéèdì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti já bọ́ sí Warsaw dé agbègbè kan náà. Inú ẹrẹ̀ Emsland ni wọ́n ti pàdé ara wọn, ní ilẹ̀ ẹni tó fìyà jẹ wọ́n, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ní oṣù Keje ọdún 1945, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà gba ìjọba tuntun tí Sófíẹ́ẹ̀tì ń darí ní Warsaw gẹ́gẹ́ bí ìjọba Póláńdì. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn sójà tó ń ṣọ́ Bersenbrück kò ní ìjọba kankan lẹ́yìn wọn mọ́ tí àwọn alágbára ayé kà sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1946, Ernest Bevin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, mú kí wọ́n fún sójà kọ̀ọ̀kan ní ìwé ní èdè Póláńdì pé kí wọ́n padà sílé. Àwọn kan lọ, nítorí ìyá, nítorí aya. Ọ̀pọ̀ kò lọ. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ṣe ayẹyẹ ìṣẹ́gun ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1946, kò sí ọmọ ogun Póláńdì tó wọ́de níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Warsaw gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gágun Anders, Maczek àti àwọn ọ̀gá ológun mìíràn.

Ìtúká wọn náà ní ètò. Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí sójà Póláńdì lè wọ̀ fún ọdún méjì, tó máa ń gba owó oṣù ológun lọ́wọ́ bó ṣe ń kọ́ èdè àti iṣẹ́ ọwọ́: ìwakùsà, oko, ilé kíkọ́, iléeṣẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1947 ló fún wọn àti ìdílé wọn láǹfààní ilé gbígbé àti ìtọ́jú. Wọ́n tú bìrìgéèdì náà ká ní oṣù Kẹfà ọdún 1947. Ní ọdún 1948, àwọn ará Haren padà sí ilé wọn.

Sosabowski ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Acton, ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Stan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Warsaw ní ọdún 1969. Cora Baltussen àti àwọn ará Driel kò dẹ́kun láti máa bèèrè fún ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Ọbabìnrin Beatrix ti Nẹ́dálándì fún bìrìgéèdì náà ní àmì-ẹ̀yẹ ogun tó ga jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fún Sosabowski ní Kìnnìún Idẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bìrìgéèdì òfurufú kẹfà tó wà ní Kraków ló jogún orúkọ wọn, òun náà ló sì ń gbé àmì-ẹ̀yẹ náà lórí àsíá rẹ̀ báyìí.